Sí Múlì, Kó Tó Dá Wọn Lóhùn Lọ́jọ́ Jímọ̀

Àní kò sí ẹni tó lè mú mi, Múlì. Láti Ìdúmọ̀tà títí dé Òbáléńdé, tí wọ́n bá ti ju básíkẹ́tì sí mi lọ́wọ́ báyìí, ó tán. Kò-ṣeé-mú ni wọ́n ń pè mí. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà àdúgbò tá a jọ gbá a nígbà náà, àwọn tí ikùn wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí bàtà ara wọn mọ́ báyìí. Mo lè fi ọwọ́ òsì lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, kí n máa fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ búrẹ́dì. Mo ṣe é rí, ojú tíṣà ni mo ti ṣe é.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè tó o bi mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè kọ́ nìyẹn. O ní, "Dádì, ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kí n lọ, àbí kílọ́ọ̀bù? Ẹ̀yin náà ti gbá a jẹun rí, báwo ló ṣe rí gan-an?" Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa, mo gé fóònù. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dáa. Èmi ni mi ò dáa.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn, èmi tí mi ò kọ lẹ́tà sí obìnrin kankan rí láyé mi. Tí mo bá pè ọ́, wàá gbé mi sí sípíkà, gbogbo àwọn ọmọ tẹ́ ẹ jọ wà ní káǹpù l'Àbújá á wá máa fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Antí Títí, kóòṣì yín, ti wá kí àwọn èèyàn ẹ̀ l'Ékòó, ọjọ́rú ló ń padà, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Gọ́ọ̀mù bàtà ni mo fi lẹ ẹnu àpòòwé yẹn. Tó bá ti ya kó tó dé ọwọ́ rẹ, wá bi í.

Wá ibì kan jókòó sí, ìwọ nìkan. Kà á dé ìparí kó o tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ní kó o dá padà lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo bẹ̀ ọ́. O ò gbọ́ ọ rí pé mo bẹ̀ ọ́, àbí?

Jẹ́ ká kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan l'Amẹ́ríkà ní kó o wá kàwé ọdún mẹ́rin, kó o máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, àwọn á ru ìnáwó ẹ̀. Kílọ́ọ̀bù kan ní Íjíbítì ní kó o wá máa gbá a báyìí-báyìí, kí wọ́n máa san owó oṣù fún ọ. O ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, mo ti bí ọ, mo ti ń gbé ọ kiri àgbàlá, àwọn èèyàn sì ń bi mí pé àbúrò mi ni àbí ọmọ mi. Wọ́n ṣì ń bi mí títí dòní. Kò burú, mo ṣì rẹwà.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn. Màá fún un ní nọ́ńbà bíi ti àwọn tó mọ̀wé.

Èkíní. Má fi ilé ìwé sílẹ̀ torí pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ. Mo wà ní S.S. Wáànù nígbà tí ọkùnrin kan tó so fèrè mọ́rùn sọdá afárá wá wò mí ní fíìdì. Ó ní òun ní kílọ́ọ̀bù. Ó fún mi ní jẹ́sì, nọ́ńbà keje. Mi ò padà sí kíláàsì lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì padà mọ́. Mo wọ jẹ́sì yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá tó bí mi ní Jankara, mo dúró sáàárín aṣọ tó ń tà, mo káwọ́ lé àyà. Màmá ń wọn aṣọ fún oníbàárà kan. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó bi mí pé kí ni mo wọ̀ yẹn. Mo ní iṣẹ́ ni, mo ti níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ó ní, "Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń wọ péńpé ṣe?"

Gbogbo ìlà yẹn ló rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń jowú mi ni.

Tíṣà ìṣirò wa wá sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe pé mo mọ ìṣirò o, àmọ́ ó ní orí mi yára, pé mi ò kàn fara balẹ̀ ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá láti ìrun Àìlà títí dé Àsárì. Èmi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé, mo ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sú u, ó fi ìwé ìṣirò kan sílẹ̀ fún mi, ó lọ. Ìwé yẹn ṣì wà nínú àpótí Màmá. Mi ò ṣí i rí. Ọmọ mi, tí ẹnì kan bá jókòó dè ọ́ tó bẹ́ẹ̀, sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Kódà tó o bá fẹ́ sọ pé rárá, sọ̀kalẹ̀ wá sọ ọ́.

Èkejì. Tí ara bá ń dùn ọ́, sọ. Mo mọ̀ ọ́, ìwọ náà le bíi tèmi, wàá máa rẹ́rìn-ín kí ẹsẹ̀ máa wú. Ní ọdún kẹta mi ní kílọ́ọ̀bù, mo fò, mo bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíì, ọrùn ẹsẹ̀ mi yí. Kóòṣì ní kí wọ́n dì í. Wọ́n dì í, mo sì gbá ìdíje mẹ́ta sí i lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kan ni mo ní o, wọn ò sì lè mú mi síbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, mi ò lè sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn. Àwọn ará kílọ́ọ̀bù wá kí mi, wọ́n gbé ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó wá, wọ́n bọ Màmá lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n wá, jẹ́sì ni wọ́n wá gbà.

Ìgbà yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń di ògiri àgbàlá mú kọ́ ìrìn. Màmá máa ń sọ pé òun ò mọ ẹni tí òun á kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún. O yára jù mí lọ.

Torí náà, béèrè lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn: tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ mí, tí mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n parí ìwé mi? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù Íjíbítì. Èmi mọ ohun tí tèmi fi dá mi lóhùn. Ọsàn ni.

Ẹ̀kẹta. Ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ, kà á. Kà á láti òkè délẹ̀, kó o tún kà á láti ilẹ̀ dé òkè. Ìwé tí kílọ́ọ̀bù mi fún mi lọ́jọ́ kìíní, mi ò kà á. Kò-ṣeé-mú ni mo kọ síbi tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù, mo tún ya ìràwọ̀ sí i nídìí. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi san, kílọ́ọ̀bù míì ní Súrùlérè ní kí n máa bọ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ bá fa ìwé jáde. Wọ́n ní ó wà níbẹ̀ pé mi ò lè gbá fún ẹlòmíì àfi tí àwọn bá yọ̀ǹda. Wọn ò fẹ́ mi mọ́ o, wọn ò sì jẹ́ kí n lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún, tí mo fi dé Apọ́ngbọ̀n, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ bàtà.

Mo sì mọ̀ ọ́n lẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú iṣẹ́ mi lójú rẹ. Kò sí kánfáàsì tó ya ẹnu l'Ékòó tí mi ò lè pa lẹ́nu mọ́. Àwọn ọmọ olówó láti Ìkòyí ń gbé tiwọn wá bá mi, wọ́n ń pè mí ní Dókítà. Tí mo bá gbóòórùn gọ́ọ̀mù lásán, màá sọ fún ọ bóyá ojúlówó ni bàtà yẹn àbí ayédèrú. Ìyẹn ni mo fi ń yangàn. Rántí ibi tí mo ti sọ ọ́ yìí, màá padà síbẹ̀.

Ta ló sì kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ká sòótọ́? Èmi ni. Gbogbo ìwé tó bá ti ilé ìwé rẹ wá, èmi ni màá ní kó o dúró síwájú mi, kó o kà á sókè, kí n dán ọ wò. Ìwọ á máa kà, èmi á máa mi orí. Ìdí nìyẹn tó o fi ń gba ipò kìíní nínú kíláàsì, ìwọ rò pé ọpọlọ rẹ ni.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀kárùn-ún, nọ́ńbà ti ṣọnù lọ́wọ́ mi. Òtútù ibẹ̀ kò jọ ti Àbújá o, kó súwẹ́tà. Béèrè ẹran tí wọ́n ń jẹ kó o tó jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin tó bá sọ pé òun náà ń gbá básíkẹ́tì, ní kó gbá a kó o rí i kó o tó dá a lóhùn, torí bí mo ṣe mú ìyá rẹ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Máa pe Màmá. Irin básíkẹ́tì tí mo kàn mọ́ ògiri àgbàlá fún ọ nígbà tó o wà ní ọmọ ọdún méje, ẹ̀yìn yàrá ẹ̀ gan-an ló wà, o mọ̀ pé ojoojúmọ́ ló ń ṣépè fún mi nítorí ariwo ẹ̀. Lánàá, ó bi mí bóyá mi ò lè máa ju bọ́ọ̀lù mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ tí òun bá ti kírun Àsárì tán. Ó ní ilé ti dákẹ́ jù.

Mo jù ú. Gbogbo ẹ̀ ló ń tàsé.

Múlì, mo ti ń pòòyì láti àárọ̀. O ti rí i pé mo ń pòòyì. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù pé o ò mọ̀ ọ́n gbá, o mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo sọ bẹ́ẹ̀.  Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lẹ ìsàlẹ̀ bàtà òsì mọ́ bàtà ọ̀tún oníbàárà, èmi Dókítà. Oníbàárà wọ̀ ọ́, ó wojú mi, ó ní ṣé ara mi yá. Mo ní orí ló ń fọ́ mi. Tí ẹnikẹ́ni bá pariwo orúkọ mi láti ẹ̀yìn ní Apọ́ngbọ̀n, màá rò pé ìwọ lo ti gbọ́.

Ohun tó o máa gbọ́ nìyí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó o pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ọkùnrin kan wá sílé, Démọ́lá lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀jẹ́ǹtì ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa bá àwọn eléré wá kílọ́ọ̀bù lókè òkun. Ìwọ ti lọ sí fíìdì. Kò dá wá. Ó ti kọ́kọ́ lọ bá Álífà àdúgbò wa, ó ní òun rí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan tí ọjọ́ iwájú ẹ̀ dára, òun fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣàdúà fún un nínú agbo ilé bàbá ẹ̀. Ta ló máa lé aládùúà? Màmá tẹ́ ẹní. Gbogbo ilé sọ̀kalẹ̀. Démọ́lá bọ́ bàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá, àyà ẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì.

Ó wá gbé páálí kan síwájú mi. Bàtà ni, funfun báláú, sáìsì ẹsẹ̀ rẹ gẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ báyìí ni. Mo ní èmi ni mo rà á fún ọ. Èmi kọ́.

Mo yẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò. Mo fa abẹ́nú ẹ̀ yọ, mo fọwọ́ ra ojú rírán ẹ̀, mo gbóòórùn gọ́ọ̀mù ẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé gbọ́: ojúlówó ni. Mo wá sọ nínú ara mi pé ọkùnrin tó gbé ojúlówó bàtà wá báyìí, kò lè gbé ìwé burúkú wá. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé yìí, òun ni mo fi wọn èèyàn. Bàtà yẹn dáa lóòótọ́, kò purọ́ fún mi. Ìwé ni mi ò gbóòórùn.

Álífà ṣàdúà, ó gùn, a ṣe àmín títí. Ọwọ́ wa ò tíì kúrò lójú tí Démọ́lá fi yọ ìwé jáde. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì, ìwé ìyọ̀ǹda lásán ni, kí wọ́n lè mọ̀ pé bàbá ẹ̀ mọ̀ sí i. Torí kò tíì pé méjìdínlógún, ẹ̀yin lẹ máa buwọ́ lù ú. Àbí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ kà á ni?"

Ojú gbogbo ilé ni ó ti bi mí. Màmá ń wò mí. Álífà ń wò mí. Mo wo ìwé yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀, ó ki bí ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Tí n bá ní kí wọ́n dúró dè ọ́, gbogbo wọn á mọ ìdí ẹ̀.

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ kà? Ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìwé lé orí páálí bàtà, mo buwọ́ lù ú. Mo ya ìràwọ̀ sí i nídìí.

Lọ́jọ́ Túsìdé tó kọjá, Antí Títí pè mí. Ó fọ̀wọ̀ bi mí, ó ní, "Bàbá Múlì, ẹ má bínú, fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì ń béèrè nǹkan kan. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé ti bá ẹ̀jẹ́ǹtì buwọ́ lùwé lórí ọmọ yìí?"

Mo ní, "Rárá o. Ta ló jẹ́ dán irú ẹ̀ wò?"

Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá ṣàlàyé ìdí tí òun fi béèrè. Ó ní tí ẹ̀jẹ́ǹtì bá ti ní ìwé lórí ọmọ pé òun lòun á máa bá a wá ibi tó ti máa gbowó gbá bọ́ọ̀lù, kọ́lẹ́ẹ̀jì lè sọ pé ó ti di eléré tó ń gbowó, kí wọ́n má jẹ́ kó gbá fún wọn. Ó ní èyí tó tún burú jù ni kí ọmọ kọ "rárá" sórí fọ́ọ̀mù, kí wọ́n wá rí i lẹ́yìn ìgbà pé bẹ́ẹ̀ ni, torí ọwọ́ ọmọ ló wà nísàlẹ̀ irọ́ yẹn, kì í ṣe ti bàbá ẹ̀. Mo ń sọ pé ẹn-ẹn, ẹn-ẹn. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi ti rin fún òógùn.

Mo pe Démọ́lá. Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ṣe ni mo rọra bi í pé kí ló wà nínú ìwé yẹn. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi. Ọmọ wa ni. Tó bá ṣáà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lòun ń lọ, a máa jókòó sọ̀rọ̀ ìwé yẹn." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ni mo ń gbọ́ látìgbà náà. Bí àwọn tó wá gba jẹ́sì ṣe sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kó o lọ. Lọ kàwé, gbá bọ́ọ̀lù ẹ, kí nǹkan kan ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá ní ó tó. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá mo ti yàn fún ọ kó o tó yàn, ìyẹn ló ń jẹ mí lẹ́ran ara. Torí náà, má kọ "rárá" sórí fọ́ọ̀mù yẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá mi ló buwọ́ lù ú nígbà tí mi ò tíì pé méjìdínlógún, mi ò sì mọ̀. Fi han Antí Títí. Sọ fún un pé mo purọ́ fún un, kó bá ọ wá lọ́yà tó mọ̀ nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀, kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Jẹ́ kó bú mi. Tó o bá fẹ́ bú mi ìwọ náà, pè mí, gbé mi sí sípíkà, mi ò ní gé e.

Démọ́lá fún mi ní ẹ̀dà kan. Òun ni mo ká sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Mo ti wò ó, mo ti wò ó, mo rí orúkọ rẹ níbi mẹ́rin àti ìràwọ̀ mi nísàlẹ̀, ìyókù, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò lè fi han ẹnikẹ́ni ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Àwọn ìwé ilé ìwé rẹ yẹn, Múlì, tí mo máa ń ní kó o dúró kà sókè níwájú mi. Mi ò dán ọ wò rí. Yàtọ̀ sí Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, mi ò mọ̀wé kà ni.

Ráṣídì, bàbá rẹ